Ìtì Igi Tí A Ri Mọ́lẹ̀ Dé Ìdajì, àti Olú Tí Ó Ń Ti Ibẹ̀ Jáde

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ọgbà yí oko ká rí yóò ti ṣàkíyèsí ibi tí òpó ọgbà ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Orí òpó náà, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń nà án, a máa gbẹ, a sì máa le koko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí rẹ̀ tí ó wọlẹ̀ jinlẹ̀ náà a máa pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ọrùn ilẹ̀ ni ìjẹrà òpó ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ibi tí igi ti wọ inú erùpẹ̀, ní ìwọ̀nba ìka mélòó kan sókè àti ìka mélòó kan sísàlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni olú ti máa ń yọ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ gbá olú náà dànù, nítorí pé ó ń fi hàn pé òpó wọn kò ní pẹ́ wó. Lójú tèmi, ohun tí òpó yẹn ń kọ́ wa níye lórí ju òpó náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà máa gbin olú sóko, láìra ẹ̀rọ àti láìkọ́ ilé fún un, ni ó ń fi hàn wá.

Olú gan-an ni ó ń jẹ igi náà. Èyí tí a ń ká, tí ó ní ọ̀pá nísàlẹ̀ àti àkẹtẹ̀ lórí, èso ni. Ara olú ni àwọn fọ́nrán funfun tín-ín-rín tí ó ń rìn káàkiri inú igi, tí ó ń tú igi náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń fi í ṣe oúnjẹ. Fọ́nrán wọ̀nyí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Lórí òpó, afẹ́fẹ́ wà, ṣùgbọ́n omi kò sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, omi lè wà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò tó. Ìdí kan náà nìyẹn tí igi tí ó rì sínú ẹrẹ̀ odò fi lè wà níbẹ̀ títí tí àwọn tí ó mọ ìgbà tí ó wó yóò fi kú tán. Ọrùn ilẹ̀ nìkan ni omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ni pé kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ibi ìpàdé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí a sì ti fi olú tí a fẹ́ jẹ kún inú igi náà kí olú tí a kò pè tó débẹ̀.

Gbígbin olú lára ìtì igi kì í ṣe ohun tuntun láyé. Àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànì ti ń ṣe é láti ayé àtijọ́ pẹ̀lú olú tí wọ́n ń pè ní shiitake. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ará Jàpáànì kan tí ń jẹ́ Kikuo Mori gbé ọ̀nà kan jáde tí ó mú kí iṣẹ́ náà rọrùn fún àgbẹ̀ kékeré: ó jẹ́ kí fọ́nrán olú kún inú èèkàn igi wẹ́wẹ́, tí àgbẹ̀ lè gbá wọ inú ihò lára ìtì. Ní Jámánì, ní ọdún 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní mú kí oúnjẹ wọ́n, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Richard Falck gbin olú Pleurotus ostreatus sára kùkùté àti ìtì igi. Títí di òní olónìí, ọ̀pọ̀ ará Jámánì tí ń gbin olú sẹ́yìn ilé a máa ri ìtì wọn mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ará Jàpáànì ní tiwọn a máa fi ìtì shiitake ti ara wọn nínú igbó, wọn a sì máa rẹ ẹ́ sínú omi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ó so. Ọ̀nà wọn dára fún ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa níhìn-ín, tí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń gbalẹ̀ láti oṣù Bélú títí di Ẹrẹ́nà, tí ọyẹ́ sì ń fa omi jáde lára ohun gbogbo, kò gba pé kí a fi ìtì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán. Ìtì tí gbogbo ara rẹ̀ bá wà níta yóò gbẹ kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí, bí igi bá sì ti gbẹ, fọ́nrán inú rẹ̀ a dákẹ́ iṣẹ́, tàbí kí ó kú. Èyí tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ yóò máa fa ọ̀rinrin sókè ní tirẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀nà ìrimọ́lẹ̀ ni ó bá àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mu jù.

Irú olú wo ni kí a gbìn? Mo ń tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò. Shiitake fẹ́ òtútù kí ó tó so. Ẹni tí ó bá ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Òndó tàbí Ọ̀ṣun kò gbọdọ̀ ná owó rẹ̀ lé irúgbìn rẹ̀ lórí. Àwọn olú ńláńlá aládùn tí a ń rí nídìí òkìtì ọ̀gán, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Termitomyces, kò ṣeé gbìn sára ìtì rárá, nítorí pé ikán ni àgbẹ̀ wọn. Inú ilé ikán, lórí ohun tí ikán ti jẹ tí ó sì ti yà, ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í gbé níbòmíràn. A ó máa wá ìyẹn lọ sínú igbó bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é.

Èyí tí ó yẹ fún ìtì tí a ri mọ́lẹ̀, tí ó sì jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà wa gan-an, ni Pleurotus tuber-regium. Lára òkú igi nínú oko ni ó máa ń hù. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ a máa jìn láàárín bí àrọ, àwọ̀ rẹ̀ a máa wà láàárín funfun àti eérú, ọ̀pá rẹ̀ sì lágbára. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí olú yòókù ni kókó ńlá tí ó máa ń ta sínú igi tí ó ti rà tàbí sínú ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kókó yìí dúdú, inú rẹ̀ funfun, ó sì lè tóbi tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀. Oúnjẹ tí olú náà fi pamọ́ de ìgbà ìṣòro ni. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí iná sì jó igbó kọjá, kókó náà yóò wà lábẹ́ ilẹ̀ láìkú. Bí òjò bá padà dé, olú tuntun yóò ti ara rẹ̀ jáde. Georg Rumphius, onímọ̀ ewéko kan tí ó gbé ní erékùṣù Ambon ní ilẹ̀ Indonéṣíà, ni ó fún un ní orúkọ Látìn tí ó túmọ̀ sí kókó ọba, ìwé rẹ̀ tí orúkọ náà wà nínú rẹ̀ sì jáde ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn Ìgbò ń pe kókó yìí ní usu, wọn a máa lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gúsí fún ọbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀mọ̀wé B. A. Oso kọ̀wé ní àwọn ọdún 1970 nípa bí àwọn Yorùbá ti ń lo olú fún oúnjẹ àti fún oògùn, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ pé wọ́n ń fi kókó yìí kún àgúnmu fún ẹ̀fọ́rí àti inú rírun. Ọmọ Nàìjíríà kan, ọ̀mọ̀wé Omoanghe Isikhuemhen, tí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí olú yìí, wà ní yunifásítì North Carolina A&T ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà bí a ti ń gbin shiitake sára ìtì. Inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ ó ń dùn mí pé àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí olú yìí jù lọ kò tíì kà á sí ohun ọ̀gbìn.

Olú mìíràn tí ó tún dára fún iṣẹ́ yìí ni Lentinus squarrosulus, tí ó funfun, tí ó ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lórí, tí ó sì máa ń yọ lọ́pọ̀lọpọ̀ lára ìtì nígbà òjò. Òun kì í ta kókó, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè so.

Ní ti igi, èyí tí kò le jù, tí kò sì ní oje olóró, ni a ń fẹ́. Máńgòrò dára, arẹ̀rẹ̀ dára, afárá dára, àyúnrẹ́ náà kò burú. Igi rọ́bà tí ó ti darúgbó wúlò fún ẹni tí ó bá wà nítòsí oko rọ́bà. Àràbà a máa tètè gba fọ́nrán, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ tán. Kí a má ṣe lo ìrókò tàbí tíìkì, nítorí pé ohun tí ó mú kí káfíńtà fẹ́ràn wọn, ìyẹn ni pé wọn kì í tètè jẹrà, ni ó mú kí wọ́n jẹ́ ọ̀tá olú. Kí a yẹra fún dọgoyárò, kí a sì yẹra pátápátá fún igi tí àwọn àgbà mọ̀ pé èèpo rẹ̀ jẹ́ májèlé. Igi tí ó wà láàyè, tí ara rẹ̀ le, ni kí a gé, kì í ṣe èyí tí ó ti kú fúnra rẹ̀, nítorí pé igi tí ó bá ti kú ti ní olú mìíràn nínú kí a tó débẹ̀. Nínú oko kòkó àtijọ́, níbi tí a ti ń gé ẹ̀ka igi ìbòji lọ́dọọdún, ìtì a máa pọ̀ tí a kò ní láti tìtorí olú gé igi kankan. Ẹ̀ka tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni mo fẹ́ràn, tí gígùn rẹ̀ sì tó ìdajì mítà tàbí kí ó lé díẹ̀. Èèpo gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ láìṣí, nítorí pé òun ni ó ń pa omi inú igi mọ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti gé e, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kí a fi sílẹ̀ lábẹ́ ìbòji, kí agbára tí igi fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lè kú tán. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó lu ihò sí i lára, tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, tí àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò wà láàárín wọn. A ó di irúgbìn olú, ìyẹn ohun tí fọ́nrán olú ti kún inú rẹ̀, sínú ihò náà kí ó kún dáadáa, a ó sì fi ìda tí a ti yọ́ dí ẹnu rẹ̀ kí kòkòrò àti atẹ́gùn má baà wọlé. Irúgbìn Pleurotus tuber-regium lè jẹ́ ti ìyẹ̀fun pákó tàbí ti ọkà bàbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí i rà lè lo kókó fúnra rẹ̀, bí ó bá rí èyí tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta èlò ọbẹ̀ Ìgbò. Kí ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó sì fi àwọn èyí tí ó funfun mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀ há inú ihò tàbí inú ojú ayùn tí ó fẹ̀ díẹ̀. Ní Òṣòdì, iléeṣẹ́ ìwádìí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FIIRO ti ń kọ́ni ní ọ̀nà gbígbin olú láti ọjọ́ pípẹ́, ní Ìbàdàn sì ni NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, wà. Ẹni tí ó bá sún mọ́ wọn lè béèrè irúgbìn níbẹ̀.

Ìtì tí a ti fi irúgbìn sí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tò ó sórí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ìbòji, kí a fi ọ̀rá bò ó díẹ̀ kí ó má baà gbẹ, kí a sì mú sùúrù títí fọ́nrán funfun yóò fi yọ ní ojú ibi tí a ti gé igi náà. Èyí lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí igi bá nípọn. Àwọn kan a máa yára ri ìtì mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fi irúgbìn sí i. Mi ò gbà á nímọ̀ràn, nítorí pé erùpẹ̀ kún fún olú mìíràn tí ebi igi tútù ń pa. Bí tiwa kò bá tíì gba ilé, tiwọn ni yóò gbà á. Bí a bá rí ohun aláwọ̀ ewé tí ó ń bu sí ojú igi, a jẹ́ pé ọ̀rá ti há a mọ́ jù, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Ìrimọ́lẹ̀ ló kàn. Abẹ́ ìbòji tí oòrùn ti ń tàn sílẹ̀ ní tótòtó ni kí a yàn, kí ó má jẹ́ ibi tí omi ti ń dúró lẹ́yìn òjò. Ìtì kúkúrú lè dúró ṣánṣán, kí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Ìtì gígùn ni kí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja nínú kòtò tí kò jìn ju ìdajì ìnípọn rẹ̀ lọ. Fún Pleurotus tuber-regium, èyí tí a tẹ́ sílẹ̀ ni mo yàn láàyò, nítorí pé ibi tí ara ìtì ti kan ilẹ̀ pọ̀, kókó a sì rí àyè ta. Erùpẹ̀ tí a ó fi há a kò gbọdọ̀ jẹ́ amọ̀ lásán tí ó ń dì mọ́ra. Kí a po yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn kí omi lè máa ṣàn kọjá. Kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa, nítorí pé bí àlàfo bá wà láàárín igi àti erùpẹ̀, igi kò ní lè fa omi níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, erùpẹ̀ tí ó yí ìtì ká ni kí a máa bomi rin, kì í ṣe orí ìtì. Omi tí a dà sórí igi a ṣàn kúrò, oòrùn a sì lá èyí tí ó kù kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n èyí tí a dà sílẹ̀ ni igi yóò máa mu ní ọ̀sán àti ní òru.

Ìṣòro tí àwọn ará Jámánì àti ti Jàpáànì kò ní tó tiwa ni ikán. Kò sí bí a ti lè ri igi mọ́lẹ̀ nílẹ̀ yìí tí ikán kò ní gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a yan ibi tí ó jìnnà sí òkìtì ọ̀gán. Èkejì ni ohun tí bàbá kan tí oko wọn bá tiwa pààlà sọ fún mi nígbà tí wọ́n rí i pé mo ń ṣa ewé gbígbẹ jọ láti fi bo ìdí ìtì. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, má fi ewé gbígbẹ síbẹ̀ o. Oúnjẹ ikán nìyẹn. Bí o bá tẹ́ tábìlì fún un, yóò jẹ ewé tán, yóò sì jẹ igi mọ́ ọn.” Mo ní, “Ẹ ṣé, bàbá. Kí ni kí n wá fi bò ó?” Wọ́n ní kí n fi erùpẹ̀ nìkan bò ó, kí n sì máa wo ọ̀nà ikán. Ìmọ̀ràn náà dára, mo sì ń tẹ̀ lé e. Ọ̀nà erùpẹ̀ tí ikán bá mọ sára igi ni kí a máa fọ́ nígbàkígbà tí a bá rí i, nítorí pé ikán kì í fẹ́ rìn ní ìta gbangba. A tún máa ń bu eérú yí ìtì ká, kí ó jìnnà sí ara rẹ̀ díẹ̀, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ bí òjò bá ti fọ̀ ọ́ lọ. Kì í pa ikán, ó kàn ń dá a dúró.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò sí ìdí ìtì, tàbí kí ó fi Solignum kùn ún bí káfíńtà ti ń kun pákó. Olú a máa fa ohun tí ó bá wà nínú igi àti nínú ilẹ̀ sínú ara rẹ̀, pàápàá àwọn irin olóró, ẹni tí ó bá sì jẹ olú náà ti jẹ wọ́n. Nítorí ìdí kan náà, kí a má ṣe gbin olú sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí sórí ààtàn àtijọ́, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti wù kí ó dúdú tó.

Nígbà tí olú bá yọ, àsìkò ìkórè rẹ̀ kúrú. Pleurotus tuber-regium a máa le bí awọ bí ó bá dàgbà jù, nítorí náà, kí a ká a nígbà tí etí àkẹtẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀ sísàlẹ̀, kí a fi ọwọ́ yí i títí yóò fi já, kí a má sì gé e kù sára igi. Ìgbín àti ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, nítorí náà ó dára kí a fi ọgbà yí ibẹ̀ ká. Kí a sì rántí pé gbígbìn tí a gbìn ín kò sọ pé gbogbo olú tí ó yọ níbẹ̀ ni tiwa. Olú mìíràn lè gun ìtì náà. Olú mìíràn sì lè hù láti inú ilẹ̀ nítòsí rẹ̀, irú bíi Chlorophyllum molybdites, tí ó funfun, tí ó tóbi, tí ó fanimọ́ra lójú, ṣùgbọ́n tí abẹ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀ a máa di aláwọ̀ ewé bí ó bá dàgbà, tí ó sì máa ń fa èébì àti inú rírun líle. Èyí tí kò bá ti ara igi jáde ní tààrà, tàbí tí kò bá jọ èyí tí a gbìn ní gbogbo ọ̀nà, kí a má jẹ ẹ́, kí a má sì gbé e lọ sọ́jà.

Ẹni tí ó bá gé igi ní oṣù Èrèlé, tí ó fi irúgbìn sí i ní Ẹrẹ́nà, yóò lè ri ìtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Òkúdù, olú sì lè yọ ní òjò ìkejì, láàárín Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, tàbí kí ó di òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì. Ìtì kan náà yóò máa so títí yóò fi di ohun tí ọwọ́ lè fọ́. Ìgbà yẹn ni kí a wú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti wá kókó. A ó bó èèpo àwọn tí ó tóbi, a ó gé wọn, a ó sì sá wọn fún ọbẹ̀ tàbí fún títà. Àwọn tí ó kéré ni a ó fi pamọ́ síbi tí ó tutù tí kò sì lómi, pẹ̀lú èèpo wọn lára, láti fi ṣe irúgbìn fún ìtì tí a ó gé ní Èrèlé tí ń bọ̀. Èérún igi tí ó kù sì dára púpọ̀ fún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.